Ọgọ́fà Sùtánà Láti Ṣáínà

Àìkú, 31 oṣù Ògún 2025

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí níṣojú gbogbo ìjọ, wọ́n sì ní kí n pàtẹ́wọ́ sí i.

Olúkáyọ̀dé, akọ̀wé wa, ló gba máìkì lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ìkórè ọdún yìí ò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí ìjọ á pé ogún ọdún, gbogbo wa la sì máa wọ sùtánà tuntun, ọgọ́fà lápapọ̀, láti ilé iṣẹ́ kan ní Guangzhou. "Brethren, same fabric, same white, same finishing. Pọ́n-ùn mẹ́tàlá péré lẹ́nì kan! Àwọn Ṣáínà kì í ṣeré o." Ìjọ pariwo halelúyà. Èmi tí mo ti ń rán sùtánà ìjọ yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, èmi tí mo rán èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń pariwo yẹn, mo jókòó sí ìlà kẹta, ẹsẹ̀ mi lásán tutù lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mummy Lẹ́wà náà á wá sinmi báyìí. Wọ́n ti ṣe gudugudu méje, yààyàà mẹ́fà."

Ta ló tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo pàtẹ́wọ́ o. Mo tún pa á kíkan ju ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Mubarakah tó ni ṣọ́ọ̀bù ní High Road, ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí, ti gbọ́ kí n tó dé. Wíìgì àti ìborùn ló ń tà níwájú, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní yàrá ẹ̀yìn. "Ìyá Lẹ́wà, so what's the plan?" ló bi mí bó ṣe ń po tíì fún mi. Àánú mi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògiri yàrá mi. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ń wá ibi tó ti máa bá àwọn ọmọge lẹ irun ìpéǹpéjú.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé tí kò bá sí sùtánà, gígé ẹsẹ̀ ṣòkòtò àti pípààrọ̀ síìpù ò lè gbé yàrá yẹn. Mo ní kó fún mi láyè títí di ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Irun ìpéǹpéjú! Ibi tí mo ti ń rán aṣọ Ọlọ́run.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: mi ò fẹ́ràn Ṣáínà, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá ọmọ mi, Ọmọ́lẹ́wà. Ará Hong Kong ló ni ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gá Lí là ń pè é. Ó kọ́ wa níṣẹ́ dáadáa, ó sì máa ń nàka sí wa lójú. Nígbà tó yá, ankara láti Ṣáínà bo ọjà mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ "Made in Nigeria" sí etí rẹ̀, irọ́ funfun báláú. Ní 2002, ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Lí padà sílé rẹ̀. Àwa ò rí ibi tí a máa padà sí, nítorí ilé la wà. Ọkọ mi jókòó ti rédíò fún ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì gbé e lọ nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà ò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ dáadáa.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní aṣọ Ṣáínà ò wọ́n, kó lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Èmi mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ yẹn kan náà, ó ti di ẹni ọdún méjìlélógún, ó ń kọ ìwé àṣekágbá ní yunifásítì. Lórí kí ni? Lórí bí Ṣáínà ṣe dìde. Mo bi í léèrè bóyá wọ́n ti kọ̀wé lórí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tán ni.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Mo ti mọ ibi tí wọ́n ti rí ìwọ̀n ara ọgọ́fà èèyàn. Ìwé ìwọ̀n tèmi ni. Olúkáyọ̀dé wá yá a lóṣù Agẹmọ, ó ní ìjọ fẹ́ ní àkọsílẹ̀. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrẹ́dì Agége kan. Lónìí ló sọ ọ́ lórí fóònù, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni: "Mummy, I just snapped the pages, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìwé yẹn, blessing ni." Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà nínú ìwé yẹn, ẹni tó sanra, ẹni tó gbẹ, ọmọ tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Búrẹ́dì kan ni wọ́n fi gbà á.

Mo ń bínú títí mo fi dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí nǹkan kan, mo sì bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn èèyàn. Ìwọ̀n ara géérégé ló wà nínú ìwé mi. Èèyàn kì í sì í wọ sùtánà tiwa jókòó lásán. À ń kúnlẹ̀, à ń dọ̀bálẹ̀, à ń gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀mí tiẹ̀ ń gbé àwọn mìíràn ṣánlẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń gé aṣọ, mo máa ń fi ìka méjì kún èjìká àti abẹ́ apá. Mi ò kọ ìka méjì yẹn síbì kankan rí. Inú orí mi ló wà.

Kí wọ́n rán an bí wọ́n ṣe bá a. Kí wọ́n wá gbọ́wọ́ sókè lọ́jọ́ ìkórè.

Àìkú, 14 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Bàbá Adéwọlé, olùṣọ́-àgùntàn wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Ohùn Èkìtì wọn ò yí padà látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

"Ìyá Lẹ́wà, ṣé inú yín ò bàjẹ́?"

"Rárá o, Bàbá. Inú mi dùn."

"Ìwé yín tí Káyọ̀dé fi ránṣẹ́, ṣé kò sí ohun tó kù tó yẹ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀? Tẹ́ẹ bá rí nǹkan, ẹ wí o. Wọn ò tíì gé e."

"Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, Bàbá."

Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mo purọ́ fún, nínú sùtánà tí mo fọwọ́ ara mi rán. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi ló máa ya lábẹ́ apá.

Ajé, 22 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Òtútù ti dé. Ọjọ́ Ẹtì ni Ọmọ́lẹ́wà máa fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ohun tí mo ṣe tí kì í kà á sí mi létí. Mo ń bó ẹ̀wà, ó ń kà. Ó ní àwọn òyìnbó ìlú tí a wà yìí ló kó ọkọ̀ ogun lọ bá Ṣáínà láyé ìjọ́sí, nítorí pé ọba wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa ta opium, oògùn olóró, fáwọn èèyàn òun. Wọ́n gba Hong Kong, wọ́n sì padà lọ dáná sun ààfin. Japan náà tún wọlé. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìyàn tí àwọn aláṣẹ tiwọn fọwọ́ ara wọn fà, tí àìmọye mílíọ̀nù èèyàn kú. Ní nǹkan bí ọdún 1978 ni wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún òwò, àwọn abúlé apẹja sì di ìlú onílé gogoro.

Mo ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó yé mi. Ta ló wá sọ fún ẹ pé àwa ò jìyà? Wọn ò kó àwa lẹ́rú? Wọn ò yìnbọn gba Èkó? Kí ló dé tí ìyà tiwọn di reluwé, tí tiwa di gbèsè reluwé?"

"Mummy, that's literally my chapter four."

"Fi orúkọ mi sí i."

Àbúrò mi fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ láìpẹ́ yìí nínú ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí àwọn Ṣáínà ṣe, eyín rẹ̀ níta gbogbo. Ọjà wọn pa iṣẹ́ wa, wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú irin gbé wa kọjá níbi tí wọ́n sin ín sí, a sì ń ya fọ́tò. Ní Dagenham níbí náà, àwọn òyìnbó àgbà tí mo ń bá gé ṣòkòtò ṣì ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n ń ṣe mọ́tò nílé iṣẹ́ ńlá yẹn. Mọ́tò oníná láti Ṣáínà ló ń kọjá níwájú wọn báyìí, kò sì pariwo rárá.

Ẹtì, 26 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Ó ti fi ìwé sílẹ̀. Ohun tó kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nìyí, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Fún ìyá mi, tó kórìíra gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Ọ̀wàrà

Àpótí mẹ́fà dé sí ilé ìjọsìn ní Thames View. Wọ́n ní kí n wá wò wọ́n, bóyá nítorí kí n lè gbà pé mo kú. Mo tú ọ̀kan sílẹ̀, mo ń wá àléébù nínú rẹ̀ bí ìyá ọkọ tó wọlé ìyàwó. Ojú rírán gún régé. Etí aṣọ ò fún pọ̀. Àmùrè rẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n, bọ́tìnnì ò mì.

Mo rán ara mi létí pé ẹ̀rọ ò lè ka Sáàmù. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì rán sùtánà kan rí láì ka Sáàmù 121 sí i láti ọrùn dé etí ìsàlẹ̀, pé kí Olúwa pa ẹni tó máa wọ̀ ọ́ mọ́. Ta ló ka kí ni sí ìwọ̀nyí?

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Ọ̀wàrà

Ọjọ́ ìdánwò aṣọ. Mo múra lọ bí ẹni tó ń lọ wòran. Wọ́n tò, wọ́n wọ̀ ọ́. Olúkáyọ̀dé ní, "Everybody, ẹ gbọ́wọ́ sókè!" Mo fetí sílẹ̀ kí n gbọ́ ibi tó máa ti kọ́kọ́ ya.

Kò sí ibì kankan tó ya. Olúkáyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Àwọn ìyá kúnlẹ̀, wọ́n nà tán, aṣọ tẹ̀ lé wọn. Mo fa téèpù yọ nínú báàgì mi, mo wọn abẹ́ apá sùtánà Olúkáyọ̀dé.

Ìka méjì ni. Kò lé, kò dín.

Ẹnì kan lọ́hùn-ún ti wo ìwé mi, ó sì mọ ohun tí mi ò kọ. Ó yẹ kí orí mi wú pé ẹlẹgbẹ́ mi wà níbì kan. Kò wú. Ńṣe ni mo rò pé wọ́n ti wọ inú orí mi náà lọ, wọ́n ti kó ohun tó kù níbẹ̀.

Tèmi wà láàárín wọn. Mo wọ̀ ọ́ wò. Ó bá mi mu ju èyí tí mo rán fún ara mi lọ. Mo bọ́ ọ kíá, mo ká a sínú báàgì.

Ajé, 13 oṣù Ọ̀wàrà

Mo rí i!

Mo gbé sùtánà tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo fi abẹ tú ọrùn rẹ̀ kí n lè mọ bí wọ́n ṣe rán an. Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ ọrùn nínú, ní àárín ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè dé, òwú pupa ló wà níbẹ̀. Kò gùn ju èékánná lọ. Pupa fòò. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló rán an, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó sì ta á ní kókó pinpin.

Pupa nínú sùtánà! Mo pe Mubarakah kó wá wò ó. "Àbí charm ni?" ló wí, ó sì sún sẹ́yìn. Mo jó díẹ̀ níbẹ̀, níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo jókòó, nítorí orúnkún.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Ọ̀wàrà

Mo gbé e síwájú àwọn alàgbà. Bàbá Adéwọlé wọ gíláàsì wọn, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tún wọ̀ ọ́. "Pupa? Nínú aṣọ tí a fẹ́ wọ dé iwájú pẹpẹ? Àwa tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ rébọ́ǹ pupa wọlé?" Wọ́n ní kí n tú mẹ́wàá mìíràn wò. Mo tú wọn. Ó wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ìdájọ́ ni pé kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Aṣọ àtijọ́ la máa fi ṣe ìkórè. Olúkáyọ̀dé á lọ jókòó sẹ́yìn ná, á sì fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà. Ó ń làágùn, ó ní, "Daddy, I swear, mi ò mọ̀." Alàgbà kan tó jẹ́ pé òun ló pariwo halelúyà jù lọ́jọ́ yẹn wá kí mi, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ti Mummy Lẹ́wà ló dára.

Wọ́n gbé àga síwájú fún mi. Mo jókòó síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ò ti dùn mọ́ mi lẹ́nu bíi tòní.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Ọ̀wàrà

Olúkáyọ̀dé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ́lẹ́wà wà lọ́dọ̀ mi. Ó na fóònù sí mi: "Mummy, wọ́n ti reply. Once I file the complaint, they refund everything, orúkọ mi á sì mọ́." Ọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lín, tó ń bójú tó òwò wọn, ló kọ̀wé. Ọmọ́lẹ́wà bá mi túmọ̀ rẹ̀ kí n lè kọ ọ́ síhìn-ín:

"A tọrọ àforíjì. Ìyá àgbà kan ló wà nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ wa, Chén ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lọ́dọ̀ wa, funfun látòkèdélẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tó rí ọgọ́fà, tó sì rí tàwọn ọmọ kékeré nínú wọn, ó sunkún, ó rò pé àjálù ló pa ìlú kan run. A ṣàlàyé pé àjọ̀dún ni. Ó ní bó bá jẹ́ pé alààyè ló máa wọ̀ ọ́, òun ò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló fi rán òwú pupa sí ọkọ̀ọ̀kan, kí ikú má baà rí ẹni tó wọ̀ ọ́. A ò mọ̀. Òun náà ló ní kí a fi àyè sí abẹ́ apá, nítorí pé ìwọ̀n ara ni ẹ fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá fẹjọ́ sùn, wọ́n máa dá a dúró. Ẹ̀tọ́ yín ni."

Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níwájú mi, mi ò mọ ohun tí mo ń rán mọ́.

"Mummy, she's sixty-one," ni Ọmọ́lẹ́wà wí. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí. "Mummy, ìwọ nìyẹn." Mo ní kó panu mọ́. Mo ní kí Olúkáyọ̀dé má fi nǹkan kan ránṣẹ́ títí mo fi máa rí Bàbá. Ó ní, "Ah ah, Mummy, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá ni?" Èmi ni.

Inú ń bí mi sí obìnrin yẹn. Ta ló rán an níṣẹ́? Ká ní ó rán aṣọ burúkú ránṣẹ́ sí mi ni, ayé mi ì bá rọrùn.

Ẹtì, 17 oṣù Ọ̀wàrà

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Bàbá Adéwọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mayesbrook Park láàárọ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́. Mo sọ ti ìka méjì, mo sọ irọ́ tí mo pa, mo ka lẹ́tà yẹn fún wọn. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú òwú náà kúrò, kí a wọ́n omi àdúrà sí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹjọ́ ránṣẹ́ síbì kankan.

Wọ́n ní kí n dìde. "Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá tú u, Káyọ̀dé á padà sípò rẹ̀? Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún lọ rà á lọ́hùn-ún."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi létí."

"Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má dé ibẹ̀. Ẹ ka Sáàmù sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tú u."

Láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Obìnrin yẹn rán an le. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó fi ìkánjú ṣe. Nígbà tí mo dé ti ọmọ jòjòló, mo rí i pé mẹ́fà ló fi síbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù Ọ̀wàrà

Mọ́kàndínlọ́gọ́fà.

Àìkú, 19 oṣù Ọ̀wàrà

Oòrùn yọ, ohun tí a ò retí. Ìkórè dùn. Gbogbo wa funfun, ọ̀kan náà, mi ò lè sọ pé kò wuyì. Olúkáyọ̀dé gba máìkì rẹ̀ padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "our partners in China," ó ní ọdún tó ń bọ̀ a máa ra ti ẹgbẹ́ akọrin náà, òun sì ti sọ fún wọn: "No red! Kò ní sí wàhálà." Ìjọ pariwo halelúyà. Bàbá Adéwọlé wo ibi tí mo wà, wọ́n sì gbójú kúrò.

Nígbà tí a jáde, mo bi Ọmọ́lẹ́wà bóyá wọ́n dá obìnrin yẹn dúró. Ó ní Lín kọ̀wé pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé ó béèrè bóyá àwọn tó wọ aṣọ funfun wà láàyè. Mo ní kó dá a lóhùn pé gbogbo wa la wà.

Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ò ní jí dìde, bàbá Ọmọ́lẹ́wà ò ní jí dìde. Lọ́jọ́ Ẹtì ìparí oṣù, màá kó ẹ̀rọ mi kúrò, wọ́n á máa lẹ irun ìpéǹpéjú níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka Sáàmù sí aṣọ àwọn èèyàn yìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí rí pé ta ló ń kà á sí tèmi.

Ọgọ́fà ni wọ́n, mọ́kàndínlọ́gọ́fà ni mo tú. Mo tún ọrùn tèmi rán bí mo ṣe bá a. Òwú náà ti ń yún mi lẹ́yìn ọrùn láti àárọ̀, mi ò sì tíì bọ́ aṣọ náà.